Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ fún túúlu, ṣé ó wà lóòótọ́ àbí wọ́n kàn ń gbowó wa ni?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin àǹtí àti bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Láti SS2 ni túúlu ti ń bá mi jà. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa ń wá jù, á máa lù kì kì kì bí ẹni ń gúnyán, màá bì, mi ò ní lè wo iná, inú yàrá òkùnkùn ni màá wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. A ti tọ́jú ibà, a ti tọ́jú táífọ́ọ̀dù, mo ti wọ awò. Lóṣù tó kọjá láàbù kan ní àwọn ní tẹ́ẹ̀sì ọpọlọ tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe, ₦68,000. Mo san án. Èsì jáde, S100B, purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀, 0.14, wọ́n fa ọfà sókè sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n ní kò yẹ kó ju 0.10 lọ. Ọkùnrin tó fún mi lésì ní sẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ glia ló ń wú nínú ọpọlọ mi, kí n padà wá ṣe é lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọkọ mi ò rí oorun sùn mọ́. Mo wá lọ kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ pé glia wà nídìí túúlu. Ṣé ọpọlọ mi ń bàjẹ́ ni? Ṣé kí n padà lọ ṣe é?"

* * *

Àbúrò, mí kanlẹ̀ ná. 0.14 yẹn ò sọ pé ọpọlọ ẹ ń bàjẹ́, má sì lọ ná ₦68,000 míì.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ láàbù láti bí ọdún mọ́kànlá, Abẹ́òkúta níbí, túúlu sì ń bá èmi fúnra mi fà á láti ìgbà tí mo ti wà ní pólì, torí náà kì í ṣe pé mo kórìíra àwọn tó ń ta tẹ́ẹ̀sì, èmi náà ń jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, kò sí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ kankan tí dókítà lè fi sọ pé túúlu lèyí, túúlu kọ́ nìyẹn. Ẹnu ẹ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ìlànà tí àwọn dókítà orí fífọ́ ń lò káàkiri ayé, èyí tó jáde ní 2018, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀ rárá. Wọ́n á bi ẹ́ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún, bóyá ó máa ń tó wákàtí 4 sí 72 bí o ò bá lo nǹkan kan, bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ni, bóyá ó ń lù, bóyá ó le débi tí o ò lè ṣiṣẹ́, bóyá tó o bá ń rìn tàbí tó o gun àtẹ̀gùn ló tún ń burú sí i (méjì nínú mẹ́rin tó gbẹ̀yìn yìí ti tó), kí èébì sì máa gbé ẹ tàbí kí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo má ṣeé gbà mọ́ra. Padà lọ ka ìbéèrè tó o kọ. Ìwọ fúnra ẹ ti dáhùn ẹ̀ tán láìmọ̀.

Ó wá ku 0.10 tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Àwọn dókítà ilẹ̀ Scandinavia ló fi sínú ìlànà wọn ní 2013 fún ẹni tó forí gbá nǹkan. Ká ní ẹnìkan já bọ́ lórí ọ̀kadà, agbárí ẹ̀ ò fọ́, kò tíì ju wákàtí mẹ́fà lọ, ara ẹ̀ sì balẹ̀, tí S100B ẹ̀ ò bá tó 0.10 wọ́n lè ní kó máa lọ sílé láìya CT, ìyẹn àwòrán inú orí. Iṣẹ́ tí nọ́ńbà yẹn ń ṣe nìyẹn o, kí wọ́n má fi CT ṣòfò fún ẹni tí kò nílò ẹ̀. Láàbù ẹ wá gbé e fún onítúúlu tí kò ṣubú, tí kò forí gbá ibì kankan. Kóńgò gààrí ni wọ́n fi wọn epo pupa.

S100B ò sì jẹ́ ti ọpọlọ nìkan. Lóòótọ́, inú àwọn glia tí wọ́n ń pè ní astrocyte ló pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n ó wà nínú ọ̀rá ara, ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń mú awọ dúdú, bí egungun ẹsẹ̀ bá kán á lọ sókè, bó o bá sá eré gígùn á lọ sókè. Láti 2003 ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé ti àwa aláwọ̀ dúdú máa ń ga ju ti òyìnbó lọ láìsí àìsàn kankan. Ọfà tí wọ́n fà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.14 yẹn, ta ló bi wọ́n pé ara ta ni wọ́n ti wọn 0.10?

* * *

Mo ti ka àwọn èsì tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ìbéèrè ẹ̀. Àwọn tó ní ibà ni. Àwọn tó ní táífọ́ọ̀dù ni, kó lọ ṣe Widal. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi Widal sílẹ̀, nílé wa níbí ó ṣòro kí ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún má ní nǹkan kan nínú èsì ẹ̀, èmi tí mò ń ṣe é ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀. Orí tó ń fọ́ láti ọdún méjìdínlógún, tó ń lọ tó ń bọ̀, tí ara ò gbóná, táífọ́ọ̀dù wo ló ń ṣe báyẹn?

Ìyá kan ní ayé ló ń ta á lófà lórí. Mi ò bá yín jà, mà. Ẹ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí ìyá ẹni bá ní túúlu, ó rọrùn fún ọmọ náà láti ní i, ọ̀rọ̀ ìdílé ni, ẹ má wá ọ̀tá síbẹ̀.

Ẹni tó ní kó lọ ya MRI, ó dára bí dókítà bá rí ìdí fún un. Ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá, tí orí fífọ́ ẹ̀ ò yàtọ̀ sí bó ṣe ń fọ́ látẹ̀yìnwá, àwòrán náà sábà máa ń jáde láìsí nǹkan nínú ẹ̀, owó á sì ti lọ.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan bínú sí mi. Wọ́n ní mo ń sọ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé glia ò kan túúlu rárá, nígbà tí ìwádìí wà. Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ mi yé. Glia kàn án gan-an. Ohun tí mo sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ apá ò lè rò ó fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti ṣàlàyé ẹ̀. Rudolf Virchow, ará Jámánì, ló sọ wọ́n lórúkọ ní 1856, àtè ni glia túmọ̀ sí ní èdè Gíríìkì, ó rò pé ohun tó kàn lẹ àwọn yòókù pọ̀ lásán ni. (Ẹni tó kọ ọ́ pé glia fi ìlọ́po mẹ́wàá ju níúrọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń ránṣẹ́ síra wọn, lọ, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Arábìnrin ará Brazil kan, Suzana Herculano-Houzel, kà wọ́n pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, 2009 ló jáde: níúrọ́ọ̀nù bíi bílíọ̀nù 86, àwọn tí kì í ṣe níúrọ́ọ̀nù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.) Ẹ wo ibi ìnáwó. Níúrọ́ọ̀nù ni àwọn tó wọ aṣọ ẹbí, tí wọ́n ń jó níwájú onílù, tí kámẹ́rà ń yà. Astrocyte ni àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń fọ abọ́, tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí, tí wọ́n ń pọnmi. Kò sẹ́ni tó ń ná wọn lówó. Àmọ́ jẹ́ kí wọ́n jókòó fún wákàtí kan, kí abọ́ má sí mọ́, kí ìdọ̀tí kún ilẹ̀, ẹ ó rí i bí òde ṣe máa dàrú. Gbogbo ìgbà tí níúrọ́ọ̀nù bá ṣiṣẹ́, pòtásíọ́mù àti glutamate ló máa ń dà síta, astrocyte ló ń gbá a. Bí kò bá gbá a kíákíá, àwọn níúrọ́ọ̀nù tó wà nítòsí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná.

Ibẹ̀ ni ìgbì kan ti ń wá nínú ọpọlọ. Aristides Leão, ọmọ Brazil tó wà ní Harvard nígbà yẹn, ló rí i lára ọpọlọ ehoro, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1944: nǹkan kan máa ń rá kọjá lójú ọpọlọ, bíi mìlímítà 3 ní ìṣẹ́jú kan, ibi tó bá ti kọjá á dákẹ́ lọ gbári fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ní 1941, Karl Lashley, onímọ̀ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà tí túúlu ń ṣe, ti máa ń ya àwòrán ohun tó ń tàn lójú ẹ̀ kí orí tó fọ́ sórí bébà, ó ṣírò bó ṣe ń rìn, mìlímítà 3 náà ló bá pàdé!

Èmi náà ti rí i. Ọjọ́ kan mo wà nídìí máíkírósíkóòpù, mò ń ka kòkòrò ibà lójú síláìdì, ibì kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yẹ̀rìyẹ̀rì lápá ọ̀tún, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn, àárín ẹ̀ ṣófo, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo rò pé lẹ́ńsì ló dọ̀tí. Mo nù ún. Mo tún un nù. Mo pààrọ̀ síláìdì. Ìgbà tí mo gbójú sókè tí mo rí i lára ògiri ni mo tó mọ̀ pé ojú mi ni. Aago lù 10:20. Ó ń fẹ̀ lọ síta díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, 10:43. Ṣe ni mo jókòó tí mò ń dúró de ẹ̀fọ́rí bí ẹni ń dúró de gbèsè, ó sì dé lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù rèé. Àwọn ìdílé kan wà tí túúlu wọn máa ń mú ẹ̀gbẹ́ ara kan rọ kó tó lọ. Ní 2003 àwọn olùwádìí ní Ítálì rí i pé nínú àwọn kan lára wọn, jíìnì tó bàjẹ́ ni ATP1A2. Jíìnì yẹn ló ń ṣe páǹpù tó ń fa pòtásíọ́mù padà, páǹpù náà sì jẹ́ ti astrocyte jù nínú ọpọlọ àgbàlagbà. Ìyẹn ni pé àwọn ẹ̀yìnkùlé ni wọn ò rí omi fọ abọ́, ni onílé fi dùbúlẹ̀. Mi ò mọ ẹ̀rí míì tó lágbára tó yẹn.

Àwọn glia míì tún wà tí kò sí nínú ọpọlọ gan-an. Iṣan tó ń gbé ìrora ojú àti ti awọ tó bo ọpọlọ ní ìdìpọ̀ kan nísàlẹ̀ agbárí, àwọn glia kéékèèké ló wé mọ́ níúrọ́ọ̀nù ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewé ṣe ń wé mọ́ mọ́ínmọ́ín. Níúrọ́ọ̀nù á tu nǹkan tó ń jẹ́ CGRP sílẹ̀, glia á gbọ́ ọ, òun náà á tu nitric oxide àti àwọn nǹkan tó ń mú ara wú, níúrọ́ọ̀nù á tún gbóná sí i. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya tó ń jà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ panu mọ́. Inú eku àti inú àwo láàbù ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ o, kì í ṣe inú èèyàn. Ti èèyàn tó sún mọ́ ọn ni èyí tí wọ́n ṣe ní Massachusetts General Hospital ní Boston, 2019 ló jáde: wọ́n ya àwòrán PET ọpọlọ àwọn tí túúlu wọn máa ń bá ìmọ́lẹ̀ wá, wọ́n rí àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ pé glia ti gbóná, ó pọ̀ ju ti ẹni tára ẹ̀ dá lọ. Ẹ̀rọ PET ni wọ́n fi rí i. Wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ apá.

* * *

Bọ̀dá kan láti Houston: "Ẹ ní kò sí tẹ́ẹ̀sì, CGRP ńkọ́? Ṣebí inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ṣebí òun ni abẹ́rẹ́ túúlu tuntun wọ̀nyẹn ń lé kiri."

Ìbéèrè tó dáa nìyí, inú mi dùn sí i. Àwọn olùwádìí kan, Goadsby àti Edvinsson pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, ló fa ẹ̀jẹ̀ ọrùn àwọn onítúúlu lásìkò tí orí ń fọ́ lọ́wọ́, 1990, CGRP wà lókè. Ìyẹn ló ṣílẹ̀kùn fún gbogbo abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn, erenumab ló kọ́kọ́ gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà, May 2018. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ní 2005 àwọn ará Denmark tún fa ẹ̀jẹ̀ ọrùn náà lára àwọn kan, lọ́jọ́ tí orí ń fọ́ àti lọ́jọ́ tí kò fọ́, wọn ò rí ìyàtọ̀. Ní 2013 àwọn ará Spain wọn ti ẹ̀jẹ̀ apá lára àwọn obìnrin, ó ga lára àwọn tí túúlu wọn ti di bárakú. Èwo ni ká mú?

Ẹni tó bá ti di túùbù mú lọ́wọ́ rí á mọ ibi tí wàhálà wà. CGRP kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ìdajì ẹ̀ ti lọ. Túùbù gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa dí i lọ́wọ́ kó má bàjẹ́, orí yìnyín ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí, kí wọ́n yí i kíákíá, kí wọ́n gbé e sínú fírísà tó tutù burúkú. Ní ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́, iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń yí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, a dúró de jẹnẹrétọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, epo ló tán. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà CGRP tó jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ wa ló ń kà.

Àti pé ní Houston níbẹ̀, bọ̀dá, ẹ bi dókítà yín: ṣé wọ́n máa ń wọn CGRP kí wọ́n tó kọ abẹ́rẹ́ yẹn fún èèyàn? Wọn kì í wọ̀n ọ́n. Iye ọjọ́ tí orí ń fọ́ lóṣù ni wọ́n ń bèèrè.

* * *

Ẹnìkan tó ní láàbù lòun náà wà sọ pé mo ń ba ọjà jẹ́, pé ìwádìí wà tí S100B ga lára onítúúlu, kí n má purọ́.

Ó wà. Àwọn ará Turkey tẹ ọ̀kan jáde ní 2011 tó ga. Àwọn míì wò ó, kò ga. Ká tiẹ̀ gbà pé ó ga. Ọkùnrin ga ju obìnrin lọ lápapọ̀, àbí? Tí mo bá wá sọ fún ẹ pé ẹnìkan ń bọ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 7, ṣé o lè búra fún mi pé ọkùnrin ni? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí S100B nìyẹn, ti onítúúlu àti ti ẹni tí kò ní i wọnú ara wọn. Ó wúlò fún olùwádìí tó ní ọgọ́rùn-ún èèyàn níwájú. Kò wúlò fún obìnrin kan tó di ìwé èsì mú ní Ìbàdàn tí ọkọ ẹ̀ ò sùn. Ọjà wo ni mo bà jẹ́? PCV tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó ń bẹ níbẹ̀, ká ta PCV.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti ṣẹ́rí síbi oògùn, mo sì fẹ́ bá yín dá sí i torí ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti ṣìnà. Bí mo ṣe ń jí ni mo ń da oògùn ẹlẹ́bu sẹ́nu, aspirin pẹ̀lú caffeine, mo máa ń fi í sínú báàgì bí ẹni ń kó swíìtì. Ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ mẹ́rin. Orí tó ń fọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù di ojoojúmọ́, mo wá ń lò ó sí i. Oògùn náà ò ṣe mí ní nǹkan kan, èmi ni mo lò ó bí oúnjẹ. Ìlànà 2018 yẹn sọ ọ́: oògùn ìrora aláàdàpọ̀ tàbí triptan (oògùn túúlu) fún ọjọ́ 10 lóṣù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí paracetamol lásán fún ọjọ́ 15, tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà lè máa fa orí fífọ́ ẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dá a dúró, ẹ má bi mí. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ara tó rọ̀.

Ẹni tó ní ìwé kíkọ, ká máa kọ ọjọ́ tí orí fọ́, iṣẹ́ òyìnbó ni: ìyá mi tí kò kàwé ń fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná fún ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Èmi kọ tèmi sínú ìwé fún oṣù mẹ́rin. Mo rí i pé ọjọ́ méjì ṣáájú nǹkan oṣù mi ló máa ń dé (estrogen ló ń já wálẹ̀ nígbà yẹn), àti gbogbo ọjọ́ tí mo bá gbààwẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì wo ló lè sọ ìyẹn fún mi? Ìwé yẹn ni dókítà kà tó fi kọ propranolol fún mi, oògùn tí kò wọ́n. Àmọ́ ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, torí náà dókítà ló ń kọ ọ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́.

* * *

Àbúrò tó ni ìbéèrè ti padà. Ó ní ọkọ òun ti ka gbogbo ẹ̀, ó ti sùn. Ó bèèrè pé kí wá ni kí òun ná owó lé.

Lọ rí dókítà, kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ, kó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ojú ẹ. PCV, bẹ́ẹ̀ ni. Tẹ́ẹ̀sì oyún kí wọ́n tó kọ oògùn tí wàá máa lò lójoojúmọ́, torí àwọn kan bíi valproate ń ba ọmọ inú jẹ́. Ẹni tó bá ti lé ní 50 tí orí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ESR, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá nǹkan ń wú nínú ara, pọn dandan fún un, ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́ gidi níbẹ̀, ó lè gba ojú là. Tí orí bá fọ́ gbàù lójijì bí ààrá, tàbí ó bá ibà àti ọrùn gígan wá, tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn kan náà, má dúró ka ohun tí mo kọ.

O ò sì sọ bóyá nǹkan máa ń tàn lójú ẹ kó tó fọ́. Bó bá ń tàn, tó o sì ń lo oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí tó ní estrogen, sọ fún nọ́ọ̀sì kó pààrọ̀ ẹ̀ fún ẹ, ewu rọpárọsẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìwé èsì yẹn, má ya á. Ẹ̀yìn ẹ̀ funfun, ṣebí? Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

* * *

Ó kọ ọ́ lálẹ́ àná, ó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n fi hàn yín: "Tuesday. Òsì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo bì lẹ́ẹ̀kan. Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀."